Ìtàn nínú JAMB: ta ló yẹ kó mú un, báwo la sì ṣe ń kà á?

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọdún 2025 pé ẹ̀kọ́ ìtàn Nàìjíríà ti di dandan fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ń gbé wá síbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti di dandan kí ọmọ wọn mú ìtàn nínú JAMB. Bàbá kan tilẹ̀ ti ra ìwé ìtàn mẹ́ta fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń múra láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó kó wọn sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó ní kí n bá òun tọ́ka sí èyí tí ọmọ náà yóò kọ́kọ́ kà. Mo ní kí ó lọ dá wọn padà bí ẹni tí ó tà wọ́n bá lè gbà wọ́n. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàólójì ni yóò mú mọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ibi tí ìtàn yóò ti rí àyè jókòó.

Ohun tí ìjọba kéde, ọ̀rọ̀ kíláàsì ni. Kò fi nǹkan kan kún ohun tí JAMB ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọ fásitì. Síbẹ̀, n kò dá bàbá náà lẹ́bi. Fún ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi yọ ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tí àwọn ọmọ kéékèèké ń kọ́, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe JAMB lónìí kò jókòó níwájú olùkọ́ ìtàn rí, àwọn òbí tí wọ́n sì kọ́ ọ láyé ọjọ́un, orí ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n ti ṣe ìdánwò tiwọn, wọn kò mọ bí èyí ti ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

JAMB, UTME, WAEC: èwo ni èwo?

JAMB ni àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1978 láti máa bójú tó ìgbaniwọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. UTME ni ìdánwò tí àjọ náà ń ṣe lọ́dọọdún. Ẹnu ti mọ́ wa láti máa pe méjèèjì ní JAMB, kò sì burú, n óò ṣe bẹ́ẹ̀ náà níhìn-ín. WAEC àti NECO ní tiwọn jẹ́ ìdánwò àṣejáde girama.

Ẹ fi wé iṣẹ́ télọ̀. WAEC dà bí fíríìdọ̀ọ̀mù tí ọmọ iṣẹ́ ń ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá tú u sílẹ̀: ó fi hàn pé ó mọ aṣọ rán. JAMB dà bí ìgbà tí olóde kan fẹ́ gbé aṣọ ẹbí fún ẹnì kan ṣoṣo, tí ogún télọ̀ sì dúró síwájú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ jù, ni yóò gbé aṣọ náà lọ. Nítorí èyí, ẹni tí kírẹ́díìtì rẹ̀ kò pé nínú WAEC tàbí NECO kò lè wọlé bí ó tilẹ̀ gba máàkì gọbọi nínú JAMB, bẹ́ẹ̀ sì ni kírẹ́díìtì mẹ́sàn-án kò lè gba àyè fún ẹni tí máàkì JAMB rẹ̀ kò tó nǹkan.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò náà ń mú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo ènìyàn, ìbéèrè 60 ni ó ní. Iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní ìbéèrè 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì ni wọ́n fi ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, 400 sì ni máàkì rẹ̀, 100 fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ fásitì, títí kan Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ó wà nílùú wa yìí, tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn kí wọ́n tó mú ẹni tí wọ́n fẹ́.

Ta ni ìtàn wúlò fún?

Ohun tí ọmọ fẹ́ kà ní fásitì ni kí a kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ni kí a tó wá béèrè bóyá ìtàn bá a mu. Ẹni tí ó fẹ́ ka ìtàn gan-an ní fásitì, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò béèrè ìtàn tàbí Government (ẹ̀kọ́ nípa ìṣèjọba) lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ka òfin sábà máa ń mú Lítíréṣọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àyè méjì yóò sì ṣẹ́kù tí ó lè fi ìtàn dí ọ̀kan nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ẹ̀ka àṣà àti ọnà, níbi tí a ti lè fi ìtàn, ìmọ̀ ẹ̀sìn, Yorùbá tàbí Government ṣe àṣepé. Àwọn tí ó ń lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ìṣègùn àti ìmọ̀ ẹ̀rọ kò ní nǹkan í fi ìtàn ṣe nínú JAMB.

Fásitì kan kò jọ èkejì. Ẹni tí ó ń gbé Iléṣà kò gbọdọ̀ rò pé ohun tí Ifẹ̀ ń béèrè náà ni Fásitì Iléṣà, tí ó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀, yóò máa béèrè, bí orúkọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kà níbẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. JAMB fúnra rẹ̀ ti to ohun tí fásitì kọ̀ọ̀kan ń béèrè fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, a sì lè fi fóònù wò ó. Kí ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ má fi ti ẹni tó ní ọmọ òun náà ṣe é lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣe.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. JAMB kò ní dá ọmọ dúró pé kí ó má mú ìtàn nítorí pé kò ní í nínú WAEC, ṣùgbọ́n fásitì lè dá a dúró lẹ́yìn náà, nítorí kírẹ́díìtì márùn-ún tí wọ́n ń béèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn iṣẹ́ tí ó bá ohun tí ó fẹ́ kà mu. Ẹni tí kò ṣe ìtàn ní girama, tí kò sì fẹ́ tún WAEC ṣe, kí ó rò ó dáadáa.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ ka ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ fún yín kí ẹ tó kúrò lórí àga. Ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ sọ fún ẹni tó ń bá a tẹ kọ̀ǹpútà pé ìtàn ni òun fẹ́, ẹni yẹn tẹ Government, ọmọ náà ká ìwé sínú àpò ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ni èmi àti òun tó jọ rí i. Òru ni ó fi ka Government.

Ìtàn tàbí Government, èwo ló rọrùn?

Kò sí èyí tó rọrùn nínú méjèèjì fún ẹni tí kò kàwé. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Government ń béèrè bí ìlú ṣe ń rìn: kí ni òfin ìpìlẹ̀, iṣẹ́ wo ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ń ṣe, báwo ni ìjọba àpapọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti aláṣẹ kan ṣoṣo. Ìtàn ń béèrè bí ìlú ṣe dé ibi tí ó wà. Wọ́n pàdé ara wọn níbi kan tí ó gùn díẹ̀: àwọn òfin ìpìlẹ̀ ayé òyìnbó, ti Clifford ní 1922, Richards ní 1946, Macpherson ní 1951 àti Lyttelton ní 1954, ìfipágbàjọba méjèèjì ti ọdún 1966, ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970, àti dídá àwọn ìpínlẹ̀ sílẹ̀, láti orí 12 ní 1967 títí dé 36 ní 1996. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní fásitì bá gbà á láàyè láti mú méjèèjì, kíkà ẹ̀ẹ̀kan lórí apá yìí yóò sanwó fún un lẹ́ẹ̀mejì.

Èrò tèmi ni pé ọmọ tí ó fẹ́ràn láti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe parí yóò gbádùn ìtàn, èyí tí ó sì máa ń há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí láìsí wàhálà, kí ó mú Government.

Kí ni ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì?

JAMB pín sílábọ́ọ̀sì ìtàn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní jẹ́ ti Nàìjíríà, apá mẹ́rin ni ó ní: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ títí di 1800, láti 1800 sí 1900, láti 1900 sí 1960, àti lẹ́yìn òmìnira. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti Áfíríkà àti àgbáyé láti 1800, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń já sí kòtò, nítorí ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n rà, ti Nàìjíríà ni. Wọn yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọn yóò rí Muhammad Ali ní Íjíbítì, wọn yóò sì rò pé abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò nì ni. Èyí tí sílábọ́ọ̀sì ń sọ ni ẹni tí ó gba ìjọba Íjíbítì ní 1805 tí ó sì tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ tò. Wọn yóò rí Menelik Kejì tí ó ṣẹ́gun àwọn ará Ítálì ní Adwa ní 1896, àti Samori Touré tí ó bá Faransé jà títí wọ́n fi mú un ní 1898.

Èyí tí ó máa ń dẹ́rù bà wọ́n jù ni Mfecane, rúkèrúdò tí ó tú àwọn ènìyàn ká ní gúúsù Áfíríkà nígbà tí agbára Shaka àti àwọn Súlù gbilẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa náà ni, ní sáà kan náà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, tú, ṣé àwọn tí ogun lé kò sá wá sí gúúsù, tí wọ́n sì tẹ àwọn ìlú tuntun dó? Níbẹ̀ náà, àwọn tí Shaka lé sá lọ, wọ́n sì dá àwọn ilẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti rí i báyìí kì í gbàgbé mọ́.

Ìtàn tí a gbọ́ nílé ńkọ́?

Ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní àǹfààní kan tí ó tún lè di ìdẹkùn fún wọn. Wọ́n ti gbọ́ pé Odùduwà fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ wá láti ọ̀run, àti pé Ọbòkun ni ó lọ bu omi òkun wá tí wọ́n fi wo ojú bàbá rẹ̀ sàn. Ìdánwò kò sọ pé irọ́ ni. Ó ń pè é ní ìtàn ìwáṣẹ̀, ó sì gbà pé ìtàn ìwáṣẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, nítorí òmíràn sọ pé láti ìlà-oòrùn ni Odùduwà ti wá. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìwáṣẹ̀”, ohun tí àwọn baba wa sọ ni kí a fi dáhùn. Bí ó bá béèrè ohun tí àwọn awalẹ̀-wádìí rí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ẹ̀wọ̀n, ó ti dé orí ohun tí a wú nínú ilẹ̀.

Ohun tí wọ́n wú nínú ilẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ní ọdún 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń wò lónìí. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì ti rí díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ó sì ń wí pé kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn dúdú ni ó ṣe é. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni. Mo máa ń kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé rárá, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ilà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà ní ojú àwọn orí náà. Ẹni tí ó bá ti rí i kò ní fi Ifẹ̀ pe Nok, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ti amọ̀ sísun àti irin, kò sì ní fi pe Igbo-Ukwu, tí iṣẹ́ idẹ rẹ̀ ti ṣáájú ti Ifẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń kà á tí kò fi ní tú lórí?

Àwọn ọmọ máa ń kọ ọdún sí ẹ̀yìn ìwé bí ẹni ń kọ gbèsè: 1804, 1840, 1861, 1897, 1914. Bí ọjọ́ ìdánwò bá dé, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ra, nítorí wọn kò so ó mọ́ nǹkan kan. Ohun tí ó yẹ ni pé kí wọ́n mọ ohun tí ó bí ohun. Mo fẹ́ fi ogun ilẹ̀ Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ọdún tí n kì í fi kọ́ ọmọ.

Inú ilé ni Ọ̀yọ́ Ilé ti kọ́kọ́ dẹ̀. Ọba àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè rẹ̀, ń du agbára mọ́ ara wọn lọ́wọ́, Àfọ̀njá tí ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, kọ̀ láti sin ọba mọ́ ní Ìlọrin, ó pe Álímì, àlùfáà Mùsùlùmí, àti àwọn Fúlàní sí ìrànlọ́wọ́, àwọn tí ó pè náà ni ó sì gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́ tí wọ́n sì pa á. Ní gúúsù, ìjà tí ó ti inú ọjà Àpòmù bẹ̀rẹ̀ mú kí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú gbógun ti Òwu títí Òwu fi tú. Àwọn tí ogun lé láti ìhà Ọ̀yọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Lára wọn ni àwọn tí ó tẹ Mọ́dákẹ́kẹ́ dó, lára wọn sì ni àwọn jagunjagun tí ó sọ Ìbàdàn di ibùdó. Ìbàdàn yìí ni ó dá ogun Ìlọrin padà ní Òṣogbo ní 1840. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró mọ́, ó fọ́ Ìjàyè ní 1862, ó sì ń fi ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú rẹ̀, sí àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi ojú àwọn onílùú rí màbo. Nígbà tí ó ká wọn lára, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n di Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ìyẹn ni ogun Kírìjì, láti 1877 títí dé 1893. Ìró ìbọn Èkìtìparapọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n buwọ́ lùwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká tán títí Gómìnà Carter fi wá láti Èkó ní 1893, ọ̀nà yẹn náà sì ni òyìnbó gbà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ẹ wò ó, mo dárúkọ ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dá dúró. Ọmọ tí ó bá gbàgbé 1862 pátápátá yóò ṣì mọ̀ pé Ìjàyè fọ́ lẹ́yìn ogun Òṣogbo, ṣáájú Kírìjì, ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n sì kọ sábẹ́ ìbéèrè kì í sábà sún mọ́ ara wọn débi pé ìyẹn kò ní tó.

Ìbéèrè tí ó sì ń tan àwọn ọmọ jẹ jù nípa ogun ni èyí tí ó ń béèrè ohun tí ó ta ìjà àti gbòǹgbò ìjà. Ẹ ronú obìnrin méjì tí ó jà nídìí ẹ̀rọ omi nínú ọgbà kan. Ẹni tí ó dé kẹ́yìn gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ síwájú, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó ta ìjà, ṣùgbọ́n gbogbo ilé mọ̀ pé ó ti lé ní ọdún kan tí wọn kò kí ara wọn nítorí owó iná. Nínú ogun Kírìjì, pípa tí Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí ni bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ ti fi ń jẹ àwọn ìlú láti ọdún pípẹ́ ni owó iná. Ìdáhùn méjèèjì ni yóò wà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìbéèrè ni yóò sì sọ èyí tí wọ́n fẹ́.

Kíkà báyìí dára fún WAEC náà, nítorí WAEC ní apá tí a ti ń kọ àròkọ, níbi tí kò ti sí A, B, C, D tí ènìyàn yóò rọ̀ mọ́.

Ìwé SAT tí àwọn kan ń rà ńkọ́?

Lórí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, ẹ ó rí ìwé ńlá tí wọ́n kọ SAT àti ìtàn sí lára. Amẹ́ríkà ni ìwé náà ti wá, SAT sì ni ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ fásitì níbẹ̀. Lóòótọ́ ni ìdánwò ìtàn méjì wà níbẹ̀ nígbà kan, ọ̀kan fún ìtàn Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún ìtàn àgbáyé, tí àwọn ọmọ fi ń wọ fásitì ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n College Board tí ó ń ṣe é ti pa á rẹ́ ní ọdún 2021. Yàtọ̀ sí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò bá tiwa mu, ó tún ń kọ́ ọmọ ní ìwà tí yóò pa á lára: ìdánwò yẹn máa ń yọ ìdámẹ́rin máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà ìwé náà ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn fo ìbéèrè tí kò bá dá a lójú. JAMB kì í yọ nǹkan kan. Ẹni tí ó bá fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn nínú JAMB ti ju máàkì nù lásán.

Sílábọ́ọ̀sì JAMB, ìwé ìtàn Nàìjíríà kan tí ó péye, òmíràn tí ó sọ ti Áfíríkà, àti ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ọdún mẹ́wàá, ó tó. Ẹ má fi ìbéèrè àtẹ̀yìnwá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi bẹ̀rẹ̀ yóò há ìdáhùn sórí, bí wọ́n bá sì yí ìbéèrè sódì, ó parí.

Ogójì ìṣẹ́jú-àáyá

Ẹ pín wákàtí méjì sí ọ̀nà 180, ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni yóò kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìtàn kò ní ìṣirò, kò sì ní àyọkà gígùn bíi ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹni tí ó múra dáadáa lè parí ogójì ìbéèrè rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú ogún, kí ó sì fi ìyókù ran iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Kí ó kọ́kọ́ ṣe ìtàn, kí ó tó lọ bá èyí tí ó le.

Bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni a nílò: A, B, C, D fún ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìdánwò ránṣẹ́ bí a bá parí, àti R láti dá ara ẹni dúró bí a bá ṣèèṣì tẹ S. Ó dà bí nǹkan tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tí ó mọ ìtàn dáadáa tí ó ń lé máòsì kiri orí tábìlì títí àkókò fi lọ. Nítorí náà, bí a bá ń ṣe ìdánrawò ní Sátidé, máòsì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, n óò kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì mi, ó di ìgbà tí wọ́n bá ṣetán.